Ẹ Jẹ́ Kí Ata Wọ Bàálù: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Tó Ń Ṣètò Oúnjẹ Bísínẹ́ẹ̀sì Kíláàsì

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó èrò. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ yín, torí mi ò gbé ìjà wá. Tí ẹ bá kà á dé ibi adìẹ, ẹ ó kúkú dá ara yín mọ̀.

Alásè ni mí ní Pópó Àgùdà, ní Lagos Island. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ tàbí òkú àgbà láti Ìdúmọ̀tà dé Lafiaji, ẹ béèrè ẹni tó dáná, wọ́n á júwe ilé mi fún yín. Àwọn ọmọ mi ló dáwó jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì fún mi nígbà tí mò ń lọ bá wọn wẹ ọmọ tuntun ní Kánádà. Wọ́n ní orúnkún Màmá ò gba ìjókòó ẹ̀yìn mọ́. Bàálù yín ló gbé mi kúrò ní Ìkẹjà lóru ọjọ́ náà. Ẹlòmíràn ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ, ìyẹn ò sì kàn yín.

Ohun tó bá dára, ká pè é ní dáadáa. Ibùsùn yín dára. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, àga bẹ̀rẹ̀ sí í sún, ó ń sún, títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì nà tán. Ọmọ mi sọ fún mi pé ọdún 2000 ni British Airways kọ́kọ́ gbé irú àga tó ń di bẹ́ẹ̀dì yìí wọ bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn àga kàn ń dà sẹ́yìn ni, ẹni tó sanwó rẹpẹtẹ á sì máa yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìrọ̀rí yín rọ̀, aṣọ ìbora yín mọ́ tónítóní, ẹ fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ àti ìpara ẹnu. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa lápá ibi tí mo jókòó sí mọ ènìyàn í bá sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ẹ gba máàkì níbẹ̀.

Oúnjẹ ló kù.

Káàdì oúnjẹ yín kọ ọ́ gàdàgbà pé jọ̀lọ́ọ̀fù ráìsì, adìẹ yíyan àti dòdò. Mo ní hẹn-ẹn, wọ́n mọ̀ wá. Wọ́n gbé e dé, mo ṣí i. Ráìsì náà pupa lóòótọ́, àmọ́ pupa tòmátì inú agolo ni, kò bá ata rodo pàdé rí. Epo kankan ò dán lára hóró rẹ̀. Etí tó kan ara abọ́ ti gbẹ, ó le gbandi, àárín rẹ̀ sì ti rọ̀ jù. Adìẹ ńkọ́? Igbáàyà lásán. Wọ́n ti bó awọ kúrò lára rẹ̀, wọ́n gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n fi ewé tútù kan lé e lórí. Mo fi í sẹ́nu, bí ẹni ń jẹ òwú ni. Mo wá bẹ ọmọbìnrin yẹn pé kó bá mi wá ata. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ, ó mú ìgò tín-ń-tín kan dé. Mo ta á sórí ráìsì. Ó kan, kò ta.

Ọkùnrin tó jókòó sí òdìkejì mi ń ta léèsì ní Balógun, ọjà ló ń lọ rà ní Guangzhou. Kò tilẹ̀ ṣí tiẹ̀. Ó ní, "Màmá, èmi ti jẹ àmàlà ní Ìkẹjà kí n tó wọlé. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ẹni tó san owó tó lè gba ilé fún un ní Sùúrùlérè fún ọdún kan gbáko, àmàlà ẹ̀gbẹ́ títì ló fi ọkàn tán!

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ò ju ẹyọ kan lọ: nínú gbogbo oúnjẹ tí ènìyàn lè gbé lọ sókè, irú èyí tí à ń sè nílé wa ló tọ́ sí òkè jù, òun gan-an lẹ sì ń fi sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Mi ò sọ ọ́ torí pé ọmọ Èkó ni mí. Bí ẹnu ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù ni mò ń sọ.

Ọmọ mi ọkùnrin ń ta wáìnì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island. Òun ló bá mi wá ọ̀rọ̀ náà rí nígbà tí mo dé, torí mi ò yéé dà á láàmú pé kí ló dé tí oúnjẹ fi ń tẹ́ lókè. Ó ní afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ kì í sábà tó ìdá 20 nínú 100, bẹ́ẹ̀ Èkó tiwa yìí, ìdá 80 kì í ṣe ohun ìyanu fún wa. Imú á gbẹ, ẹnu á gbẹ. Imú yìí gan-an ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ adùn. Ẹ bi ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà bóyá ó mọ ẹ̀fọ́ yàtọ̀ sí ewédú. Lẹ́yìn ìyẹn, bàálù ń fò ní nǹkan bí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fún sínú rẹ̀ ò pọ̀ tó ti ilẹ̀. Ó dọ́gba pẹ̀lú ti orí òkè tó ga ní 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Jos tí gbogbo wa ń sọ pé ó wà lókè, nǹkan bí 4,000 péré ni.

Lufthansa ló kọ́kọ́ rí nǹkan kan. Wọ́n ṣàkíyèsí pé omi tòmátì tí àwọn èrò wọn ń mu lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bíà tí wọ́n ń mu, ará Jámánì o, tí bíà wọn ò ṣeé fi ṣeré! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní fẹnu kan omi tòmátì nílé. Ni wọ́n bá bẹ Fraunhofer, ilé ìwádìí kan lọ́dọ̀ wọn, pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n gbé abala bàálù àtijọ́ kan sínú yàrá tí wọ́n ti lè fa afẹ́fẹ́ dín kù, wọ́n mú àwọn ènìyàn jókòó síbẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ fún wọn. Ọdún 2010 ni àbájáde rẹ̀ jáde: adùn iyọ̀ dín kù lẹ́nu ní ìdá 20 sí 30 nínú 100, ti ṣúgà ní ìdá 15 sí 20. Nígbà tó di 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà fi ariwo bíi ti inú bàálù, 85 dẹ́síbẹ́lì, sí àwọn ènìyàn létí, wọ́n ní kí wọ́n máa tọ́ nǹkan wò. Adùn ṣúgà relẹ̀. Ṣùgbọ́n adùn inú omi ẹran àti tòmátì, èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní umami, ńṣe ló tún le sí i.

Nígbà tí ọmọ mi kà á débẹ̀, mo ní kó dúró ná. Iyọ̀ sá, ṣúgà sá, òórùn sá, tòmátì dúró? Omi ẹran dúró? Ata náà á dúró, torí ata kì í ṣe adùn rárá, títa ló ń ta. Iṣan tó ń gbọ́ ìgbóná àti ìrora ló ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún ọpọlọ. Ó tún ń mú imú ṣomi, imú tí afẹ́fẹ́ yín ti gbẹ yẹn. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wá bá mi ka ohun tó wà nínú ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò kan ṣoṣo: tòmátì, tàtàsé, rodo, omi ẹran, edé, ẹja gbígbẹ, irú. Ta ló bá wọn ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí irú díẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun lẹ ń bẹ̀rù. Wọ́n á se èso igi náà láti alẹ́ mọ́jú kí èèpo rẹ̀ tó le gan-an tó lè rọ̀. Wọ́n á gún un, wọ́n á fọ èèpo kúrò lódò tàbí nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n á tún un sè. Wọ́n á wá dà á sínú igbá, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi àpò wé e. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Á máa mú ooru jáde fúnra rẹ̀, tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé àpò ẹ ó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i, á ti máa yọ̀, á máa fà. Ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Kikunae Ikeda, rí ohun tó ń fa adùn nínú omi koríko òkun, wọ́n sì sọ ọ́ di ìyẹ̀fun funfun tí gbogbo ayé ń bù sí ọbẹ̀ lónìí. Ohun kan náà ń bẹ nínú irú. Àwọn ìyá tó ń pọn irú ò lọ sí yunifásítì kankan, wọ́n kàn mọ̀ pé ọbẹ̀ tí kò ní i kò tíì délé ni.

Ìdí kejì, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kò sí ẹni tó ń dáná nínú bàálù. Ilé ìdáná ńlá nítòsí pápákọ̀ ni wọ́n ti ń se gbogbo rẹ̀, wọ́n á mú un tutù kíákíá dé ìsàlẹ̀ dígírì 5, wọ́n á dì í sínú abọ́, ọkọ̀ tó ń gbé ara rẹ̀ ga á gbé e wọ bàálù, àwọn òṣìṣẹ́ yín á sì mú un gbóná padà nínú ààrò nígbà tí ẹ bá ti gòkè tán. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń yan oúnjẹ máa bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé oúnjẹ yìí gba ìgbóná lẹ́ẹ̀kejì? Igbáàyà adìẹ ò gbà á láéláé. Ẹran ewúrẹ́ gbà á. Ìrù màlúù gbà á, ṣàkì gbà á, ìgbín gbà á. Ọbẹ̀ ata tí a dín títí epo fi lé téńté, ọjọ́ kejì gan-an ló ń yọjú sí adùn. Iṣẹ́ wa nìyẹn! Ọbẹ̀ tí ẹ jẹ nínú àríyá lọ́sàn-án Sátidé, alẹ́ Jímọ́ la ti gbé e kalẹ̀. Kò sí alásè kan ní Èkó tí yóò fi igbáàyà adìẹ sínú kúlà láti àná kó wá gbé e síwájú olówó lónìí. Ẹ̀yin lẹ gbé e síwájú mi.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ wa ló yẹ kó wọ bàálù, mi ò ní tan yín jẹ. Àmàlà, iyán, èbà, tí wọ́n bá ti tutù pátá, wọ́n ti le, ààrò yín ò lè dá wọn padà. Ilá àti ewédú ò dára fún ibi tí ilẹ̀ ti ń mì. Ẹ rò ó wò lórí agbádá funfun. Àkàrà á fa omi, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni fréjọ̀n. Àwa ọmọ Àgùdà kì í ṣe Good Friday láìsí i, ẹ̀wà àti wàrà àgbọn tí a sè papọ̀, tí a sẹ́, tí ẹja díndín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá wà níkùn ènìyàn nílẹ̀, tó bá dé ibi tí ẹ gbé e dé yẹn, á wú tó ìdá kan nínú mẹ́ta sí i. Fréjọ̀n ò gbọdọ̀ wọ bàálù. Mo bẹ̀ yín, torí ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn tó lè wọ̀ ọ́ pọ̀. Ráìsì ọ̀fadà pẹ̀lú àyámáṣe. Ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́ àti ráìsì funfun. Jọ̀lọ́ọ̀fù, àní sẹ́, ìyẹn tó bá jẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù ni: ata tí a lọ̀, tí a sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí a dín kí ráìsì tó wọlé, tí epo sì wé hóró kọ̀ọ̀kan kó má baà gbẹ nínú ààrò. Ní ìdájí, dípò ẹyin tó ń ṣẹ́ omi sí ìsàlẹ̀ abọ́, ẹ gbé àsáró fún wa, kí ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín eléwé kékeré kan náà ò burú. A ti rẹ ẹ̀wà rẹ̀, a ti bó o, wàhálà tiẹ̀ kéré sí ti fréjọ̀n, ewé rẹ̀ sì ń pa omi rẹ̀ mọ́ tí ẹ bá ń mú un gbóná.

Ẹ lè sọ pé ta ló ń ṣe irú ẹ̀ rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni. Korean Air ń gbé bibimbap fún èrò, ráìsì àti ẹ̀fọ́ àti ẹran nínú abọ́ kan, pẹ̀lú ata wọn, gochujang, nínú túùbù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ á fún un sí i, ẹni tí kò bá fẹ́ á fi í sílẹ̀. Singapore Airlines ń fi sátè dá èrò bísínẹ́ẹ̀sì lọ́lá, ẹran tí wọ́n gún mọ́ igi tín-ínrín tí wọ́n sì yan, tí ọbẹ̀ ẹ̀pà bá a rìn. Ọmọ Èkó wo ni kò ní rántí súyà? Ethiopian Airlines, tí wọ́n jẹ́ ará Áfíríkà bíi tiwa, ń gbé ínjérà àti ọbẹ̀ wọn fún èrò láìtijú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé oúnjẹ ilé wọn kéré sí bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ máa wí. Ẹ ó ní òórùn irú. Afẹ́fẹ́ inú bàálù ń pààrọ̀ tó ìgbà 20 sí 30 láàárín wákàtí kan, ó sì ní asẹ́ tó ń sẹ́ ìdajì rẹ̀ tó ń padà wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lóru tí mò ń wí yìí kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé wàràkàṣì kan kọjá níwájú mi tí ara rẹ̀ ti hu àwọ̀ búlúù. Mo di imú mi, mi ò sì kọ lẹ́tà lórí ìyẹn. Ẹ ó ní àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ ò lè jẹ ata. Ẹ fi ata sí ẹ̀gbẹ́, bíi ti Korean Air. Abọ́ kékeré tó ní ìdérí, ata díndín ṣíbí méjì nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwa fúnra wa ò lè gbé e dání, torí ohunkóhun tó bá ṣàn, tó sì ju mílílítà 100 lọ, kò gbọdọ̀ kọjá ibi àyẹ̀wò. Èyí tí à ń dín fún àwọn ọmọ wa lókè òkun, inú ẹrù ìsàlẹ̀ ló ń wà, nínú fíríìsà ló ti ń bọ̀, ọ̀rá mẹ́rin ni à ń fi wé e. Lókè níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ lè fún wa ní ata.

Ó yá, wáìnì. Èmi ò mọ̀ ọ́n tó ọmọ mi, àmọ́ ẹnu mi mọ ohun tó ṣe é. Ẹ gbé pupa kan wá fún mi láti Bordeaux, orúkọ rẹ̀ gùn ju ìgò rẹ̀ lọ. Ó fún ẹnu mi pọ̀, ó sì korò lẹ́yìn ọ̀fun. Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi, ó ní kò yà òun lẹ́nu. Ó ní ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ nínú wáìnì pupa tí kò tíì dàgbà, inú èèpo èso àjàrà àti hóró rẹ̀ ló ti ń wá, tí ẹnu bá sì ti gbẹ, òun ló máa ń yọ síta. Òórùn èso tó yẹ kó bò ó ti sá lọ pẹ̀lú imú. Wáìnì olówó ńlá tó ń gbéraga nílẹ̀ lè wá di ọ̀tá lókè. Tí a bá wá fi ata sí i, wàhálà mìíràn nìyẹn, torí ọtí líle ń mú ata jó sí i.

Mo bi í pé kí ni òun ì bá gbé fún wọn. Ó ní fún àyámáṣe, Riesling, wáìnì funfun láti Jámánì, èyí tó ní adùn díẹ̀ lára tí ọtí inú rẹ̀ ò le, kó tutù dáadáa. Fún ẹ̀fọ́ àti ẹja, Chenin Blanc, funfun mìíràn láti South Africa. Fún ẹran ewúrẹ́, tó bá dandan kó jẹ́ pupa, Malbec láti Ajẹntínà, èyí tí èso pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣampéènì ní tirẹ̀ bá jọ̀lọ́ọ̀fù lọ. Kíkan inú rẹ̀ àti ìhó rẹ̀ ń gé epo. Ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀kọ́ fún wa. Ẹ wọ gbọ̀ngàn àríyá èyíkéyìí ní Èkó ní Sátidé, ẹ ó bá àwọn méjèèjì lórí tábìlì kan náà, kò sì sí ẹni tó ka ìwé kó tó mọ̀.

Àwọn tí kì í mutí ńkọ́? Ẹ wo èrò tó ń wọ bàálù yín ní Ìkẹjà, ẹ ka iye Alhaji àti Alhaja tó wà nínú wọn. Ohun tí ẹ ní fún wọn ni omi ọsàn inú páálí àti mínírà. Sóbò ń bẹ! Ó pupa ju wáìnì yín lọ, ó kan, atalẹ̀ àti kànáfùrù ń bẹ nínú rẹ̀, ó ṣeé dì sínú ìgò, ó sì ṣeé gbé sínú ife gíga kí Alhaja náà lè gbé ife sókè pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò béèrè ẹmu. Ẹmu kì í sinmi, bí ẹ bá dé e pa á hó, á sì bá yín já ìdérí ní àárín aṣálẹ̀ Sàhárà.

Nípa ọtí yìí náà, ẹ dín bíbù rẹ̀ kù fún àgbàlagbà. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ìlera òfurufú ti Jámánì, DLR, kọ ìwádìí kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Thorax. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá ní ọtí níwọ̀nba, wọ́n ní kí wọ́n sùn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ rí bíi ti inú bàálù. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 85 nínú 100, ọkàn wọn sì ń lù tó ìgbà 88 ní ìṣẹ́jú kan lójú oorun. Àwọn tó sùn nílẹ̀ láìmutí, ọ́síjìn tiwọn wà ní nǹkan bí 96, ọkàn wọn sì ń lù ní 64. Ọ̀dọ́ nìyẹn o. Ọmọbìnrin yín bu wáìnì kún ife mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Ìwà ọ̀wọ̀ ló rò pé òun ń hù, mi ò sì bá a wí, ṣùgbọ́n ìgò omi ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ì bá ṣe mí lóore jù.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ àkókò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù ń gbéra ní Èkó. Ẹni tó gba afárá Third Mainland kọjá láti Island nírọ̀lẹ́, tó tò ní ìlà ìwé ìrìnnà, tó tò ní ìlà àyẹ̀wò, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó. Ẹ wá ń tẹ́ aṣọ funfun sí i níwájú láàjìn, ẹ ń gbé nǹkan wá lẹ́yọ lẹ́yọ: búrẹ́dì, ewé, oúnjẹ, wàràkàṣì, ṣokoléètì. Bẹ́ẹ̀dì tí ó tìtorí rẹ̀ sanwó ń wò ó níran. Ẹ fún un ní abọ́ pẹ́pẹ́ súùpù ẹja àrọ̀ kan tó gbóná, pẹ̀lú búrẹ́dì Àgége tó bá wù ú, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ìgbànú bá kú. Ata á la imú rẹ̀, ara á rọ̀ ọ́, á sùn. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ funfun àti wàràkàṣì, ẹ tẹ́ ẹ fún un.

Kí ẹ sì má rò pé àwa ò ní ibòmíràn láti lọ. Láti ìgbà tí Nigeria Airways ti kógbá sílé ní 2003, ẹ ti rí wa pé ibi tí ẹ bá gbé wa gbà la ń gbà. Ṣùgbọ́n Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní London ní oṣù kẹta 2024, gbogbo wa la sì rí bí owó tíkẹ́ẹ̀tì àwọn kan ṣe sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Lórí owó, ẹ lè bá ara yín díje títí. Lórí oúnjẹ, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé àyámáṣe gidi wọ bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, àwọn oníṣòwò Balógun á polówó rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí. Ẹ rán alásè yín, ẹni tó ń kọ káàdì oúnjẹ yẹn gan-an, kì í ṣe aṣojú, wá bá mi ní Lagos Island. Kó wá ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Jímọ́. Tó bá wá ní Sátidé, mi ò ní ráyè dá a lóhùn. Màá mú un lọ sí ọjà Sandgrouse lówùúrọ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí ìgbín àti ẹja, a ó sì jọ padà wá dáná. Kó gbé abọ́ tí ẹ ń lò nínú bàálù dání, a ó di oúnjẹ sínú rẹ̀, a ó fi í sí fíríìjì mọ́jú, a ó sì mú un gbóná lọ́jọ́ kejì bí ẹ ṣe ń ṣe, kó tọ́ ọ wò. Èyí tó bá yege, ó yege. Èyí tó bá kùnà, màá jẹ ẹ́ fúnra mi. Owó ọjà àti owó iṣẹ́ wà lọ́rùn yín, ìdajì ṣáájú, bí mo ṣe ń gbà á lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà mi. Tó bá dé Campos Square, kó béèrè ìyá alásè. Kó má wọ aṣọ funfun wá.

Èmi ni,
Alásè kan ní Pópó Àgùdà, Lagos Island.